Iná kì í dínà, owó ibodè ló ń gbà: ọfọ̀ iná fún ààbò nínú Dungeons & Dragons

Nínú eré náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan la wà, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Jagunjagun wa ti fara gbọgbẹ́ gan-an, HP (ìyẹn iye ẹ̀mí) mẹ́rin péré ló kù lára rẹ̀, hobgoblin mẹ́fà sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán tìdà tìdà. Èmi ni oṣó ẹgbẹ́. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ògiri iná ń bọ̀!" Mo ka ọfọ̀ Wall of Fire, mo fà á láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì láàárín àwa àti àwọn ọ̀tá. Ẹ̀gbọ́n tó ń darí eré wò mí, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Apá wo ló gbóná?" Mo ní, "Apá méjèèjì ni, ẹ̀gbọ́n." Ó ní rárá o, apá kan ṣoṣo ni ìwé sọ, kí n mú ọ̀kan. N ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ní èyí tó kọjú sí wa, torí lójú mi, ìyẹn ni yóò ṣọ́ wa. Ó wá kan jagunjagun. Ó dúró sójú kan náà, ó mu oògùn ìwòsàn, HP rẹ̀ gòkè di 11. Bó ṣe ní òun ti parí báyìí, wọ́n ní kí n ju dáìsì. Iná mi ló parí ohun tí idà hobgoblin bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í rú èmi nìkan lójú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré yìí máa ń rò pé tí orúkọ ọfọ̀ kan bá ti jẹ mọ́ ògiri tàbí asà, iṣẹ́ ògiri àti iṣẹ́ asà náà ni yóò ṣe: yóò dínà, yóò gba idà dúró. Ibẹ̀ gan-an ni iná ti máa ń já wọn kulẹ̀.

Fún ẹni tí kò jókòó ti tábìlì yìí rí, Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe Dungeons & Dragons, Amẹ́ríkà ló sì ti jáde lọ́dún 1974. Ẹnì kan ló ń darí eré, òun là ń pè ní DM. Ẹnu rẹ̀ la ti ń gbọ́ bí ayé ìtàn náà ṣe rí, òun náà ló sì ń gbẹnu sọ fún gbogbo ọ̀tá. Àwọn tó kù, kálukú ló ní ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀: jagunjagun, olè, àlùfáà, oṣó. Dáìsì ló ń sọ bóyá ohun tí ẹnu wa dá lé yóò ṣeé ṣe. HP ni iye ẹ̀mí tó kù lára ẹ̀dá kan. Tó bá di òdo, ó ṣubú nìyẹn. Tí ìwé bá kọ 5d8, dáìsì olójú mẹ́jọ márùn-ún la ó jù, ká sì ro wọ́n pọ̀. Ìyípo-ìyípo ni ìjà ń lọ, ìṣẹ́jú àáyá 6 ni ìyípo kan dúró fún, ó sì máa ń kan kálukú lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀; ìyẹn ni àsìkò rẹ̀. Òfin ẹ̀dà karùn-ún tó jáde lọ́dún 2014 ni mo ń tẹ̀ lé níbí.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé wa ni pé iná ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé "o ò gbọdọ̀ kọjá". Ohun tó lè sọ ò ju "iye tí o máa san rèé" lọ. Oníbodè ni. Ẹni tí HP rẹ̀ pọ̀ á san án, á sì kọjá. Ẹni tí tirẹ̀ kéré á dúró, á máa ṣírò. Torí náà, ìbéèrè tí oṣó gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ni pé: ibo ni mo máa gbé ibodè yìí sí, èló ni yóò máa gbà, ta ni yóò sì san án?

Ká mú Wall of Fire fúnra rẹ̀, torí òun ni wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù. Ọfọ̀ ìpele 4 ni, Wizard (oṣó bíi tèmi) ò sì lè kà á títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi dé ìpele 7. (Ìpele ọfọ̀ yàtọ̀ sí ìpele ẹni tó ń kà á. Ta ló fún nǹkan méjì lórúkọ kan? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Sorcerer àti Druid, irú ẹ̀dá-ìtàn mìíràn tó ń ka ọfọ̀, náà lè kọ́ ọ. O lè gbé e kalẹ̀ níbi tó jìnnà sí ọ tó ẹsẹ̀ bàtà 120. Gígùn rẹ̀ lè tó 60, gíga rẹ̀ 20, kò sì nípọn ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ. Tó bá wù ọ́, o lè ká a róbótó bí òrùka, kí àárín rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Tí ohunkóhun ò bá dà á rú, ìṣẹ́jú kan ni yóò lò, ìyẹn ìyípo mẹ́wàá.

Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà jó èèyàn, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dàrú mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ: ẹni tó bá wà lórí ìlà ibi tí iná ti yọ gan-an ni yóò ju dáìsì bóyá ó yára fò sẹ́yìn. Tí kò bá yege, ọṣẹ́ 5d8 ni. Tó bá yege, ìdajì. Ẹni tó kàn dúró nítòsí ò rí nǹkan kan lójú ẹsẹ̀ yẹn. Ìkejì ni ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá wọ inú iná: 5d8, kò sí pé à ń ju dáìsì láti yẹ̀ ẹ́. Ìkẹta ni ẹni tí àsìkò rẹ̀ bá parí sínú iná, tàbí sí ibi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí apá gbígbóná tàbí tó jẹ́ 10 gẹ́lẹ́: 5d8 náà ni. Apá kejì kì í ta èèyàn lára rárá. O lè fẹ̀yìn tì í fẹ́rẹ̀ẹ́, kó má jó irun kan lára rẹ.

Apá wo ló wá yẹ kó gbóná? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní apá ọ̀tá, kíákíá. Òótọ́ ni, ìyẹn dára tí o bá fẹ́ kí wọ́n jìnnà. Ọ̀tá tó bá dúró sítòsí yóò máa san 5d8 nígbàkígbà tí àsìkò rẹ̀ bá parí, torí náà á sún sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sá lọ ni, tàbí ẹ fẹ́ kí àlùfáà ráyè tọ́jú ẹni tó ṣubú, kò sí èyí tó dára ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ogre kan (òmìrán ni), HP 59, tí kò bìkítà, tó kàn fẹ́ ya wọlé tọ̀ yín wá. Tí apá gbígbóná bá kọjú sí i, ó lè dúró lókèèrè, kó sáré gba inú iná kọjá, kó san ẹ̀ẹ̀kan, kó sì bọ́ sí apá tútù, níbi tí ẹ wà. Ìpíndọ́gba 5d8 jẹ́ nǹkan bí 22. Ó ṣì ku 37 lára rẹ̀, kùmọ̀ rẹ̀ sì ti wà lórí yín.

Ẹ wá yí i padà, kí apá gbígbóná kọjú sí yín. Ogre náà san ẹ̀ẹ̀kan bó ṣe wọ inú iná. Tí àsìkò rẹ̀ bá tún parí kó tó jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ sí ògiri, ó san ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì 22 ti di 44, nǹkan bí 15 ló kù fún un, ẹnikẹ́ni ò sì tíì nawọ́ sí i. Báwo lẹ ṣe máa dá a dúró síbẹ̀? Orí àwòrán tí a fi ń ṣeré, ojú onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5. Ojú kìíní àti ìkejì sí ògiri wà nínú ooru. Ìkẹta ti bọ́ níbẹ̀. Ẹ fi jagunjagun méjì sí ojú kẹta, kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 10 náà pátápátá. Ogre ò lè gba ara wọn kọjá. Ó máa dúró síwájú wọn láti jà, iwájú wọn yẹn gan-an sì ni ojú kìíní àti ìkejì. Èèyàn ló ń dínà níbẹ̀ o. Owó ni iná ń gbà.

Ẹ rí i pé lọ́jọ́ tí mo sọ yẹn, kì í ṣe apá tí mo mú ló burú. Ibi tí ọ̀rẹ́ wa dúró sí ni, àti pé n ò là á yé e.

Ohun kejì tí ògiri yìí ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ojú ríran kọjá. Mo gbà pé ààbò yìí ju ti ooru lọ nígbà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọfọ̀ ni ìwé sọ pé ẹni tí o bá ń rí lo lè dojú rẹ̀ kọ. Hold Person wà lára wọn, Counterspell náà nílò pé kí o rí ẹni tó ń ka ọfọ̀. Oṣó ọ̀tá tó wà lẹ́yìn iná kò lè fi irú àwọn ọfọ̀ yẹn kàn ọ́. Tafàtafà ńkọ́? Níbí ni òfin ti ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ta ọfà sí ohun tí kò rí, dáìsì méjì ni yóò jù, èyí tó kéré ni yóò mú. Ẹni tó ń ta ọfà sí ẹni tí kò rí òun, dáìsì méjì ni yóò jù, èyí tó pọ̀ ni yóò mú. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò bá wá rí ẹnì kejì, àǹfààní àti ìdíwọ́ pa ara wọn rẹ́, dáìsì kan bíi ti tẹ́lẹ̀ ló kù. Torí náà, tí tafàtafà bá mọ ibi tí o wà, ògiri iná ò bà á nínú jẹ́ púpọ̀. Má ṣe dúró sójú kan. Sún kúrò kí o sì gbìyànjú láti fara pamọ́, kó máa ta ọfà sí ibi tí o ti kúrò.

Òrùka iná náà ní àléébù tirẹ̀. Èèyàn á ká a yí ara rẹ̀ ká, á ní òun ti ríbi sá sí. Òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ohun tó bá ń fò yóò gba òkè wọlé láìsan kọ́bọ̀.

Nǹkan tó wá ń pa ògiri yìí ju omi lọ ni ìfọkànsí. Ọfọ̀ kan ṣoṣo lèèyàn lè fọkàn sí lẹ́ẹ̀kan náà, Wall of Fire sì wà lára èyí tó ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣe ọ́ léṣe, o gbọ́dọ̀ ju dáìsì olójú 20, kí o fi líle ara rẹ kún un. Iye tí o gbọ́dọ̀ bá ni 10, tàbí ìdajì ọṣẹ́ tó wọlé, èyí tó bá pọ̀ jù. Ọfà kékeré tó ṣe ọ́ léṣe 6, 10 lo ń wá. Àpáta tó ṣe ọ́ léṣe 34, 17 lo ń wá, ara oṣó kì í sì í sábà le tó bẹ́ẹ̀. Tí o bá pàdánù rẹ̀, gbogbo iná náà pòórá lójú ẹsẹ̀, kò sí èéfín, kò sí eérú. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó fi oṣó sí iwájú lẹ́yìn tó gbé ògiri kalẹ̀, wọ́n ní ó ti "ní ààbò". Ẹyin ló gbé sórí àpáta yẹn. Oṣó tó ń di ògiri mú ló yẹ kó jìnnà jù nínú gbogbo yín.

Fire Shield (asà iná) ni ìdàrúdàpọ̀ kejì. Ọfọ̀ ìpele 4 lòun náà, ìṣẹ́jú 10 ló ń lò, kò sì fẹ́ ìfọkànsí. Èyí túmọ̀ sí pé o lè wọ̀ ọ́ kí o sì tún di Wall of Fire mú, bí o bá ní àyè ọfọ̀ (ìyẹn iye ìgbà tí o lè ka ọfọ̀ ìpele náà kí o tó sinmi) tó tó méjì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìpele 7, ẹyọ kan péré ló ní, ìpele 8 ni yóò tó di méjì. Ara ẹni tó kà á nìkan ló ń wà, o ò lè gbé e wọ ẹlòmíì.

Ẹ̀yà méjì ló ní, ìtumọ̀ wọn sì máa ń dà bí ẹni yí aṣọ wọ̀. Asà gbígbóná ló ń gbà ọ́ lọ́wọ́ òtútù. Asà tútù ló ń gbà ọ́ lọ́wọ́ iná. Ìdajì ọṣẹ́ irú èyí tó ń ṣọ́ ọ fún ni yóò wọlé. Mo ti rí ẹni tó ń lọ bá dírágónì pupa jà, tó mú asà gbígbóná, ó ní iná kì í jó iná. Ẹ rò ó bí aṣọ: ìgbà tí òtútù bá mú lèèyàn ń wá ohun tó gbóná wọ̀.

Ṣé ó ń dí idà? Rárá. Ẹni tó bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ọ, tó fi ohun ìjà ọwọ́ nà ọ́ tó sì bá ọ, ọṣẹ́ tirẹ̀ wọlé sí ọ lára ní kíkún, asà náà á wá bú lù ú, 2d8. Tí idà rẹ̀ bá tàsé, kò san nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ gígùn ló fi gún ọ láti ẹsẹ̀ bàtà 10, kò san nǹkan kan. Ọfà, bákan náà. Ibodè yìí wà lára ìwọ fúnra rẹ, ìwọ náà sì ń san nínú rẹ̀.

Ta ló wá dára fún? Ó dára fún ìgbà tí àwọn kéékèèké bá yí ọ ká. Goblin kan ní HP 7. Ìpíndọ́gba 2d8 jẹ́ 9. Goblin tó bá fi lè nà ọ́, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ ìnà ìkẹyìn rẹ̀. Ó tún dára sí troll. Troll ní HP 84, ó sì máa ń gba HP 10 padà níbẹ̀rẹ̀ àsìkò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àyàfi tí iná tàbí ásíìdì bá ti kàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń nà nínú àsìkò kan: eyín kan, èékánná méjì. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá bá ọ, asà gbígbóná jó o, ọgbẹ́ rẹ̀ ò sì ní jiná nígbà tó bá tún kàn án. Asà tútù ò lè ṣe ìyẹn fún ọ, torí òtútù ló fi ń sanwó. Ṣùgbọ́n kí oṣó mọ̀ọ́mọ̀ lọ dúró síwájú troll nítorí èyí, èmi ò ní gbà á nímọ̀ràn.

Ó tún ku ohun kan: asà yìí ń tàn. Ẹsẹ̀ bàtà 10 yí ọ ká mọ́lẹ̀ kedere, 10 mìíràn tẹ̀ lé e ní bàìbàì. Tí ẹ bá ń yọ́ wọlé lóru, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Hellish Rebuke kò ní ìṣòro púpọ̀. Warlock, irú ẹ̀dá-ìtàn mìíràn tó ń ka ọfọ̀, ló ni ín, ìpele 1 ni. Ẹni tó bá ṣe ọ́ léṣe, tí o ń rí i, tí kò jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ, o lè dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pẹ̀lú iná 2d10. Tó bá yára, ìdajì ni yóò gbà. Ọṣẹ́ tó ṣe ọ́ ò padà sẹ́yìn. Ẹ̀san ni, kì í ṣe ìdènà. Ìfèsì kan ṣoṣo sì lèèyàn ní láàárín ìyípo kan, torí náà ẹni tó bá ti lo tirẹ̀ fún ẹ̀san ò tún lè lò ó fún nǹkan mìíràn títí yóò fi tún kàn án.

Àwọn iná kékeré náà wúlò ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Create Bonfire kì í ná ọ ní àyè ọfọ̀ kankan. Ojú onígun mẹ́rin kan ṣoṣo ló ń bò, 1d8 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ̀ ọ́ tí kò yára tó. Sí ẹnu ọ̀nà tóóró, sí orí àtẹ̀gùn, ibodè olówó pọ́ọ́kú ni. Flaming Sphere lágbára jù ú lọ, o sì lè máa yí i káàkiri. Méjèèjì ló ń fẹ́ ìfọkànsí ṣá, wọn ò lè bá Wall of Fire gbé.

Ìgbà tí iná bá wá jẹ́ ti ọ̀tá ńkọ́? Absorb Elements ni mo fẹ́ràn jù. Ìpele 1 ni, ìfèsì ni, bí iná bá ti kàn ọ́ lo máa kà á, ìdajì ọṣẹ́ náà ni yóò wọlé. Protection from Energy lè lo odidi wákàtí, ó tún wà fún ọ̀rẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n ìfọkànsí ló ń jẹ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn kó méjì lé ara wọn, kó rò pé ìdajì ìdajì ni yóò di. Kò rí bẹ́ẹ̀: bí ohun mẹ́ta bá ń dín ọṣẹ́ iná kù fún ọ, bí ẹyọ kan ni òfin ṣe ń kà wọ́n. Ọṣẹ́ 40 yóò di 20, kò ní di 10.

Àwọn kan sì wà tí iná ò ràn rárá: dírágónì pupa, fire elemental (ẹ̀dá tó jẹ́ kìkì iná), àti àwọn devil. Lójú tiwọn, aṣọ ìkélé pupa ni Wall of Fire rẹ. Wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á wọlé. Béèrè ohun tó ń bọ̀ kí o tó ná ọfọ̀ ìpele 4 lé e lórí.

Èyí tó kù ni pé kí ẹ bi DM yín nípa ohun tó lè gbiná. Ìwé sọ kedere pé Fireball ń dáná sun ohun tó lè jó tí ẹnikẹ́ni ò gbé lọ́wọ́ tàbí wọ̀ sára. Kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa Wall of Fire, DM ni yóò pinnu bóyá pákó ilẹ̀ tí ẹ dúró lé ti ń jó. Ẹ bi í kí ẹ tó kà á.

Tiwa dé, jagunjagun wa jí padà lọ́jọ́ yẹn. Àlùfáà ló bá a dé ibi tó ṣubú sí, òun náà sì jóná díẹ̀ kó tó fà á jáde. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti la ẹnu pé "Mo fẹ́ ka...", ẹni tó ń ṣe jagunjagun á ti gbé ère ẹ̀dá rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, á dì í mọ́wọ́, á wò mí.

"Apá wo?"

"Apá tiwa. Lọ dúró sí ojú kẹta."

Á kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e kalẹ̀.